Ìwé Ìbọn n'Íbàdàn: Ta Ló Jẹ Ta Ní Gbèsè?

Ní ọdún 1877, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Ọbádòkè Látòóṣà rán èèyàn láti Ìbàdàn lọ sí Àjàṣẹ́, ìlú etí ọ̀sà tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, pé kí wọ́n ra ìbọn àti ẹ̀tù wá. Ọ̀nà Èkó ló yá jù, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Ìjẹ̀bú ni bodè ibẹ̀ wà, wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹ̀tù pọ̀ jù lọ́wọ́ Ìbàdàn. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé rà ní bòńkẹ́lẹ́. Àwọn Ẹ̀gbá gbọ́, wọ́n dènà de àwọn èrò tó ń bọ̀, ni Látòóṣà bá gbé ogun tì wọ́n lọ́dún yẹn kan náà. Kí ó tó mọ̀, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti ṣígun sí i láti ẹ̀yìn, ìjà náà sì di ogun Kírìjì tó jẹ́ pé ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àgọ́ ká. Kò sí akọ̀wé kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí rìsíìtì, ẹnikẹ́ni kò sì fi orúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Ohun tó dá ogun sílẹ̀ ni pé ẹnìkan mọ ohun tí ẹlòmíràn lọ rà.

Ìdí rèé tí mi ò fi gbà pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni ìbẹ̀rù tí àwọn onìbọn máa ń ní nígbà tí ìjọba bá ń kó àkọsílẹ̀ ẹni tó ra ìbọn jọ. Lóòótọ́, Amẹ́ríkà ni ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn àtijọ́, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti ẹsẹ̀ òkè Màpó dé Bẹyẹrúnká, ti mọ adùn àti ìkorò ọ̀rọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó máa fi íǹkì kọ orúkọ ọdẹ sílẹ̀. Ohun tí ìtàn ìlú náà sì fi hàn yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ìjọba á mú ìwé dání lóru, á máa ti ojúlé dé ojúlé gba ìbọn. N'Íbàdàn, ìwé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mú ìbọn ará ìlú so mọ́ ipele kan, ó sọ ẹni tó ni ín di ajigbèsè fún ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ kò sì jẹ ẹ́ ní nǹkan kan padà. Àìsí ìjíhìn-fún-ara-ẹni yìí ni àléébù ìwé ìbọn wa, òun náà ló sì yẹ ká máa bá ìjọba fà.

Àgọ́ ogun ni Ìbàdàn nígbà tí àwọn Ìfẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀ dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ́ Òwu. Kò sí adé níbẹ̀. Ẹni tó bá lè kó ọmọ ogun jọ, tó sì lè bọ́ wọn, ni oyè ń tọ́ sí, bí ó ti rí fún Baṣọ̀run Olúyọ̀lé tí wọ́n fi oyè rẹ̀ pe Ọjà Ìbà, Ọjà'ba tòní. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìbọn kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ń dá rà bí ẹni ra aṣọ. Olóyè ogun ló ń rà á, òun ló ń há a fún àwọn ọmọ ogun inú agbo ilé rẹ̀, tí àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ ẹrú, tí àwọn mìíràn jẹ́ ọmọ bíbí inú ilé tàbí àlejò tó wá sá di í. Olóyè mọ iye ìbọn tó wà ní agboolé rẹ̀, ó mọ ọwọ́ ẹni tó wà, ó mọ iye ẹ̀tù tó kù nínú àgbá. Àkọsílẹ̀ ni ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí. Àmọ́ ẹni tó bá gba ìbọn lọ́wọ́ olóyè ti di ẹni tí olóyè gbọ́dọ̀ bọ́, tó gbọ́dọ̀ dáàbò bò, tó gbọ́dọ̀ fún ní ìpín nínú ìkógun. Bí olóyè bá kùnà, ọmọ ogun á gbé ẹsẹ̀ ní tirẹ̀ lọ sí agboolé ológun mìíràn, agbára olóyè á sì dín kù lójú gbogbo ìlú. Ẹni tó ń ka ìbọn náà wà lábẹ́ kíkà.

Ọ̀nà kejì tí ìbọn ń gbà dé ọwọ́ àwọn ológun ni àwìn, níbẹ̀ ni a sì ti rí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Oko rẹ̀ pọ̀, ẹrú rẹ̀ pọ̀, ó ń ṣòwò dé etíkun, ó sì ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn tó ń lọ sógun kí wọ́n fi ìkógun san án nígbà tí wọ́n bá dé. Ẹ wo ohun tí obìnrin yìí mọ̀. Ó mọ ẹni tó rà, ó mọ iye tó rà, ó sì mọ ẹni tí kò rí owó san. Kò sí ìjọba kan lónìí, tòun ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Látòóṣà dojú kọ ọ́ ní ọdún 1874, ẹ̀sùn tí òpìtàn Samuel Johnson kọ sílẹ̀ pé Ààrẹ fi kàn án ni pé kò bá òun lọ sógun, kò fi ohun èlò ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ṣẹ́gun bọ̀. Ẹ gbọ́ èkejì dáadáa, nítorí ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tó ní ẹ̀tù lọ́wọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Wọ́n yọ ọ́ nípò, àwọn ẹrú rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì bá wọ́n pa á lóru nínú ilé rẹ̀. Mi ò sọ ìtàn yìí láti fi yin àtijọ́. Ìwà ìkà ni, Ẹfúnṣetán fúnra rẹ̀ kò sì rọrùn fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé ní Ìbàdàn ìgbà yẹn, ẹni tó bá mọ àṣírí ìbọn ẹlòmíràn wà nínú ewu bí ẹni tó ni ìbọn náà ti wà. Kò sí ẹni tó lè jókòó sí òkè téńté kó máa kọ tàwọn yòókù, kí ó má sí ẹni tó ń kọ tirẹ̀.

Ogun Kírìjì ló bẹ̀rẹ̀ sí yí ọ̀rọ̀ padà. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ni ṣakabùlà, ìbọn gígùn tí a ń ki láti ẹnu. Ẹni tó fẹ́ yìn ín á kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí ọ̀pá rẹ̀, á fi igi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ju ọta tàbí èérún irin sí i, á fi àkísà tàbí èèpo igi dí i, á tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni á wọ́n ẹ̀tù díẹ̀ sí ìdí ibi tí òkúta ìṣáná máa bá, kí ó tó fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn. Bí òjò bá rọ̀, ó di igi lásán. Láàárín àkókò yẹn, ẹni tó ní ìbọn tí a ń ki láti ìdí ti yìn ní ìgbà mélòó kan. Irú ìbọn yìí ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó, tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, ń fi ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi, àwọn olórí ogun wọn, lójú ogun. Ìró ìbọn àwọn Èkìtìparapọ̀ ni wọ́n ní ó sọ ogun náà ní Kírìjì. Ìbàdàn tó ti ń fi pípọ̀ ọmọ ogun ṣẹ́gun láti ìgbà ogun Òṣogbo ọdún 1840 rí i pé pípọ̀ kò tó mọ́. Ní ọdún 1885, Látòóṣà kú sí àgọ́ láìrí òpin ogun tí ó dá sílẹ̀.

Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn kan ń jókòó ní Brussels láti kọ ìwé tí ẹnikẹ́ni n'Íbàdàn kò mọ̀ sí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1890, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí òwò ẹrú nílẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló kan òwò ẹrú tààrà. Apá tó kan ìbọn ni ti wa. Ó ní láàárín ìlà 20 lápá àríwá ayé àti ìlà 22 lápá gúúsù, kí gbogbo ìbọn tó bá wọlé lọ sí ilé ìkẹ́rùsí ìjọba. Èyí tó lè jáde fún títà fún àwọn ọmọ onílẹ̀ kò ju ìbọn olókùúta ìṣáná tí inú ọ̀pá rẹ̀ dán, àti ẹ̀tù gbẹ̀rẹ̀fu tí wọ́n ń fi ṣòwò. Ìbọn tó ń yìn jìnnà, tí wọ́n ń ki láti ìdí, di ti ẹni tí ìjọba bá fún níwèé àṣẹ nìkan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi àmì sí i lára, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn tó jẹ mí lógún jù: kí ẹni tó bá gba ìbọn tàbí ẹ̀tù jáde ní ilé ìkẹ́rùsí máa mú àkọsílẹ̀ wá lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, ibi tí ìbọn àti ẹ̀tù tó tà lọ àti iye tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Níbẹ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀ ẹni tó ra ìbọn ti wọ ilẹ̀ wa. Kì í ṣe nítorí olè tàbí apànìyàn ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Òpin òwò ẹrú ni wọ́n sọ, òótọ́ sì wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀tù ni wọ́n fi ń kó ẹrú, ẹrú ni wọ́n sì fi ń ra ẹ̀tù. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò fi irú ìbọn kan náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ àti ẹni tí wọ́n ń kọ.

Ọdún méjì kò pé kí ìyàtọ̀ náà tó hàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn arọ̀jò-ọta Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1893, Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Denton, adelé gómìnà Èkó, wọ́n sì gba Captain Bower gẹ́gẹ́ bí ajẹ́lẹ̀. Ẹni tó mọ ìtàn Ìbàdàn mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ yìí, nítorí Ìbàdàn náà ti ń fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú àwọn Èkìtì, ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ó ń wo ohun tó wà nílé wọn. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ yẹn wà lára ohun tó fa Kírìjì. Ìlú tó ti ń wo inú ilé ẹlòmíràn wá di ìlú tí wọ́n ń wò. Mi ò káàánú Ìbàdàn lórí èyí, ṣùgbọ́n ó kọ́ ìlú náà ní ohun kan tí ó yẹ kí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àkókò ìwé dé ní kíkún. Ní ọdún 1929 ni wọ́n parí Gbọ̀ngàn Màpó, tí ẹnjiníà Taffy Jones kọ́ sórí òkè, kí ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ọjà'ba tàbí Bẹẹrẹ má baà ṣàìrí i. Níbẹ̀ ni àwọn olóyè tí bàbá wọn ń fi orí ka ìbọn ti wá ń jókòó lẹ́bàá akọ̀wé. Owó orí ni ìwé tó gbajúmọ̀ jù. Ìwé ìbọn tẹ̀ lé e ní tirẹ̀. Saheed Aderinto, onímọ̀ ìtàn tó kọ odidi ìwé lórí ìbọn àti ìjọba amúnisìn ní Nàìjíríà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, fi hàn pé irú ìbọn tí ẹnìkan lè ní nígbà yẹn ń tẹ̀ lé irú ẹni tó jẹ́. Àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀mọ̀wé olówó ló ń rí àṣẹ ìbọn oníkátíríìjì. Ṣakabùlà ni ti àgbẹ̀ àti ọdẹ. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń rí ọdẹ lónìí tó gbé ìbọn gígùn ìgbà Olúyọ̀lé kọ́ èjìká, tí a sì ń rò pé àṣà ló mú un dání, ó yẹ ká rántí pé òfin wà nínú àṣà náà. Ohun tí gbogbo ayé ti pa tì ni ìwé Brussels àti àwọn òfin tó tẹ̀ lé e fi sílẹ̀ fún un. Òwò ìbọn ibòmíràn ti lọ síwájú ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Tiwa dúró lójú kan, àkọsílẹ̀ ló sì so ó mọ́lẹ̀.

Àwọn alágbẹ̀dẹ ni wọn kò wọ inú ìwé náà dáadáa. Alágbẹ̀dẹ tó lè rọ àdá àti ọkọ́ lè tún ìbọn ṣe, ó sì lè fi páìpù ṣe ọ̀pá tuntun, kó gbẹ́ ìdí igi sí i, kó mú òòlù láti ara ìbọn tó ti bàjẹ́. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò kọjá ní ilé ìkẹ́rùsí kankan, ẹnikẹ́ni kò sì mú orúkọ ẹni tó rà á lọ síbì kankan lóṣù mẹ́fà. Àléébù àkọ́kọ́ ìwé ìbọn nìyí, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ títí dòní: àwọn tó gba iwájú ilẹ̀kùn wọlé nìkan ló ń rí.

Òfin ìbọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959, tí a ṣì ń lò, pín ìbọn sí ipele mẹ́ta. Èyí tó ga jù, bí ìbọn ìléwọ́ àti ti ológun, ni ó kà léèwọ̀ àfi pẹ̀lú àṣẹ olórí ìjọba àpapọ̀. Èkejì, bí ìbọn ọdẹ oníkátíríìjì, nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ń ki láti ẹnu. Ó ní kí ẹni tó ń ta ìbọn fi orúkọ sílẹ̀, kó sì máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìwé Brussels sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Òmìnira dé lọ́dún kejì, òfin náà kò yí ìrísí padà. Àwọ̀ ẹni tó mú kálámù dání nìkan ló yí. Nígbà tó sì di ọdún 1970, ìjọba ológun gbé Àṣẹ Kẹtàdínláàádọ́ta kalẹ̀ lórí ìdigunjalè àti ìbọn. Òfin tó jáde láti inú rẹ̀ ní kí ẹni tó ní ìbọn láìníwèé àṣẹ san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì. Olè ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n òfin tó gbé olè àti ọdẹ tí ìwé rẹ̀ ti kọjá àkókò sórí ìjókòó kan náà ti jẹ́ kí àìtún ìwé ṣe di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè ba ayé ẹni jẹ́.

Láàárín òfin méjèèjì ni ìjà àwọn àgbẹ̀ tí a ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà ṣẹlẹ̀, ẹ̀rí tó sì wà nínú rẹ̀ wúwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ibi tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìbọn máa ń wò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1968, àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko Ìbàdàn rọ́ wá sí Màpó lórí owó orí tó ti pọ̀ jù fún wọn nígbà tí owó kòkó kò dára. Rògbòdìyàn náà lọ di ọdún 1969. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ṣakabùlà ni ohun ìjà wọn, oògùn sì ni ìhámọ́ra wọn, ṣùgbọ́n wọ́n dá ìjọba ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àti gómìnà ológun rẹ̀, Bírígédíà Adébáyọ̀, dúró. Kí ni ìwé ìbọn ṣe nínú gbogbo rẹ̀? Kò ṣe nǹkan kan. Ìjọba kò nílò ìwé láti mọ̀ pé ìbọn wà lóko, gbogbo oko ló ní in. Ìwé kò sì jẹ́ kí ìjọba gba ọ̀kan nínú wọn. Ohun tó parí ìjà ni pé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wọ inú igbó lọ bá olórí àwọn àgbẹ̀ náà, Táfà Adéoyè, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ sọ̀rọ̀, owó orí sì wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Ìjọba tó fẹ́ kí ìbọn dákẹ́ ní láti jẹ wọ́n ní ohun kan. Ọ̀nà olóyè ogun àtijọ́ nìyẹn, àkọsílẹ̀ Màpó kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan á ní: ṣé kí a wá má kọ ohunkóhun sílẹ̀ ni? Bí apànìyàn bá fi ìbọn pa èèyàn, báwo ni a ṣe máa mọ ibi tí ìbọn náà ti wá? Àtakò yìí lágbára, mi ò sì ní í rọra gbà á kọjá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ Ìgàngàn ní Ìbàràpá lóru, wọ́n pa ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n dáná sun ilé. Ẹni tó bá rántí òru yẹn kò lè sọ pé kí ìbọn máa rìn láìní orúkọ. Àdéhùn ECOWAS lórí ìbọn kéékèèké, tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ọdún 2006, náà ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ ìbọn, kí wọ́n sì fi àmì sí ìbọn lára, kí ó lè ṣeé tọpa. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo irú ìbọn tó ń pa èèyàn. Ìbọn ológun bíi AK-47 kì í ti ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ wá; ó ń gba bodè wọlé, tàbí ó ń jáde láti ilé ìhámọ́ra ìjọba fúnra rẹ̀. Ibi tí àkọsílẹ̀ ti lè wúlò jù nìyẹn: ní bodè, ní ilé ìhámọ́ra, lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ìbọn wọlé. Ibẹ̀ gan-an ni kò ti lágbára. Ó lágbára ní Bẹyẹrúnká, lórí ọdẹ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ẹlẹ́yẹlé láti tún ìwé ṣe. Ìwé tó mọ orúkọ olóòótọ́ dáadáa, tí kò mọ orúkọ ọ̀daràn, kì í ṣe ìwé ààbò, ìwé owó ni.

Àwọn mìíràn á ní ìbẹ̀rù àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kọ́ wa. Níbẹ̀, òfin ọdún 1968 ní kí ẹni tó ń ta ìbọn tọ́jú orúkọ ẹni tó rà á sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, òfin ọdún 1986 sì ka ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo onìbọn léèwọ̀ fún ìjọba àpapọ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù bá kógbá sílé, ìwé rẹ̀ á lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Martinsburg, ní ìpínlẹ̀ West Virginia, àwọn onìbọn sì ń bẹ̀rù pé àwọn páálí tó ń kún ibẹ̀ á di ìwé orílẹ̀-èdè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣòfin rẹ̀. Àríyànjiyàn wọn dá lórí ibi tí ìwé wà àti ẹni tó lè ṣí i, ìyẹn sì dára ju bí àwa ti ń sọ ọ́ lọ. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń rò pé ó lè ṣẹlẹ̀, Áfíríkà ti rí i. Ní ọdún 1880, ìjọba amúnisìn Cape ní gúúsù Áfíríkà pàṣẹ pé kí àwọn Basotho kó ìbọn wọn wá. Wọ́n kọ̀, wọ́n jà, wọn kò sì ṣeé ṣẹ́gun. Nígbà tí wọ́n parí ìjà ní ọdún 1881, ohun tí ìjọba gbà ni pé kí wọ́n máa mú ìbọn wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n gba ìwé àṣẹ pọ́n-ùn kan lọ́dọọdún lórí ìbọn kọ̀ọ̀kan. Ohun tí agbára kò rí gbà ni wọ́n fi ìwé wá. Ní ti Ìbàdàn, kò tilẹ̀ sí ìgbà tí wọ́n ja irú ìjà bẹ́ẹ̀. Àdéhùn 1893 ti mú kí ìwé wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bí ẹnìkan bá sì ní mò ń fi àtijọ́ ṣe àwòkọ́ṣe, pé ẹni tó bá fẹ́ padà sí ayé Látòóṣà kí ó rántí ikú Ẹfúnṣetán, ó ní ẹ̀tọ́. Ìjíhìn-fún-ara-ẹni ayé ìgbà yẹn, idà ni wọ́n fi ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n pé ọ̀nà àtijọ́ burú kò sọ ọ̀nà tó rọ́pò rẹ̀ di rere. A lè gba ohun tó wà nínú rẹ̀ láìgba idà rẹ̀, bí a ti gba Ọjà'ba láìgba ọjà ẹrú tó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti sún mọ́ wa sí i láti bí ọdún mélòó kan. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá, Ibrahim Idris, pàṣẹ pé kí gbogbo ìbọn tí kò bófin mu padà wálé, àwọn ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ àdúgbò náà sì wà lára àwọn tí àṣẹ kàn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ṣí ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn n'Íbàdàn níbí, wọ́n sì ní àwọn ọdẹ wọ̀nyẹn náà ni a ń wá. Ìjọba tó pè ọ́ ní afura lánàá ló ń pè ọ́ ní olùgbèjà lónìí, ìbọn náà sì ni, ìwé náà sì ni. Ní ọdún 2021 ni wọ́n tún dá iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìbọn kéékèèké sílẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Kí àkọsílẹ̀ yẹn tó kún, ohun tó yẹ kí àwọn ọdẹ máa béèrè fún kò le. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọdẹ, kí olórí ẹgbẹ́ náà lè rí ìgbà tí ọlọ́pàá ṣí i àti ìdí tí wọ́n fi ṣí i. Kí òfin sọ lórí ọ̀ràn wo ni ẹnikẹ́ni fi lè wò ó, kí owó orí àti òṣèlú má sí lára wọn. Kí ẹni tí ìwé rẹ̀ kọjá àkókò máa san owó ìtanràn kékeré, kí ó má bọ́ sínú òfin tí wọ́n ṣe fún adigunjalè. Kí oníṣòwò tó ń kó ìbọn wọlé àti ilé ìhámọ́ra ìjọba náà máa mú àkọsílẹ̀ tiwọn wá lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí ìbọn tó bá sọnù lọ́wọ́ ìjọba ní orúkọ ẹni tó gbà á kẹ́yìn. Ní báyìí, ọdẹ tó ní ṣakabùlà kan gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí ìbọn rẹ̀ wà lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè. Ẹni tó ń tọ́jú ẹgbẹ̀rún ìbọn fún ìjọba ni kò sí ẹni tó ń bi í.